Ohun Tó Wà Nínú Àsíá Bàhíà, Àti Ohun Tí Kò Sí Níbẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí a máa gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ló mú un wá. Wọ́n fẹ́ rán àsíá tí wọn yóò ta síwájú ojúbọ lọ́jọ́ ọdún. Aṣọ funfun, aṣọ pupa àti aṣọ búlúù ni wọ́n fẹ́ fi rán an, kó rí gẹ́lẹ́ bí àsíá ìpínlẹ̀ Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé àsíá òrìṣà ni àsíá yẹn, pé funfun inú rẹ̀ ti Ọbàtálá ni, pupa ti Ṣàngó, búlúù ti Yemọja. Ọmọ náà wá bi mí pé, "Baba, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ká rán an?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó béèrè kó tó gé aṣọ. Èsì tí mo fún un ni pé kì í ṣe àsíá òrìṣà, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú rẹ̀ kàn wá, kò sì yẹ kí ilé wa kan wà tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí.

Ká kọ́kọ́ wo bó ṣe rí. Ìlà gbọọrọ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì: funfun lókè pátápátá, pupa tẹ̀ lé e, funfun tún tẹ̀ lé e, pupa wá wà nísàlẹ̀. Lókè, lápá ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ òpó, wọ́n gé ojú kan sí búlúù, wọ́n sì fi àmì onígun mẹ́ta funfun sáàárín búlúù náà. Ó tán. Ẹ ò ní rí ẹyẹ níbẹ̀, ẹ ò ní rí osé Ṣàngó, ẹ ò ní rí abẹ̀bẹ̀ Yemọja.

Bàhíà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi àjèjì sí wa. Salvador ni olú ìlú rẹ̀. Àwọn Pọtogí tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, ibẹ̀ ló sì jẹ́ olú ìlú gbogbo Bràsíìlì títí di 1763. Èbúté rẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrú ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n kó àwọn ará Àǹgólà débẹ̀, wọ́n kó àwọn ará Dàhòmì, wọ́n kó Haúsá, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Nàgó. Lára àwọn tó rí ọ̀nà padà wálé ni àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Ẹni tó bá ti rìn dé Pópó Àgùdà l'Ékòó ti rí ọwọ́ iṣẹ́ wọn lára ilé. Títí dòní, ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Ilé Ìyá Nàsó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oyè ààfin Ọ̀yọ́ ni Ìyá Nàsó, òun ni ìyá tó ń mójú tó Ṣàngó Aláàfin. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé ọkàn àwọn ọmọ wa fà sí ohunkóhun tó bá ti Bàhíà wá. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní ká má wádìí.

Ìtàn àwọ̀ mẹ́ta yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1798. Pọtogí ló ń ṣèjọba nígbà náà. Oúnjẹ wọ́n ní Salvador, owó ṣójà kò tó nǹkan, ẹni tí awọ ara rẹ̀ bá sì dúdú, ì báà jẹ́ òyìnbó ló bí i, ibi tó lè dé nínú iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ogun ní ààlà. Ìròyìn sì ti ń gba orí omi wọlé. Ní 1789, àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Ní 1791, àwọn ẹrú ní erékùṣù Saint-Domingue, tí ayé ń pè ní Háítì lónìí, dìde sí àwọn tó ń pe ara wọn ní olówó wọn. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í dé ibi tí ẹrú pọ̀ kó dákẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ 1798, àwọn ará Salvador jí, wọ́n rí ìwé tí a fọwọ́ kọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú. Ohun tí àwọn tó kọ ọ́ ń fẹ́ ni pé kí wọ́n bọ́ kúrò lábẹ́ ọba Pọtogí, kí wọ́n dá ìjọba tiwọn sílẹ̀. Kí dúdú, funfun àti àdàpọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Kí wọ́n fi kún owó ṣójà. Kí èbúté ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láàárín wọn sì ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ pé kí ẹrú di ọmọ.

Àwọn wo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Télọ̀ ni wọ́n, ṣójà ni wọ́n, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ẹrú àti ẹni tó ti ra ara rẹ̀ padà sì wà nínú wọn. Àwọn ọlọ́lá kan náà fẹnu sí i níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kàwé, tí wọ́n ń ka ìwé Faransé nínú pálọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀ràn, kò sí ọlọ́lá kan tí wọ́n pa. Ẹ ò rí nǹkan? Ọjọ́ tí ìyà bá pín, tálákà níí gba tirẹ̀ pẹ̀lú tẹlòmíì. Nítorí àwọn télọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìdìtẹ̀ Àwọn Télọ̀.

Ó tún ní orúkọ kejì, òun gan-an ló mú kí n jókòó ti ìtàn náà. Wọ́n ń pè é ní Ìdìtẹ̀ Owó Ẹyọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́, àwọn ẹlẹ́rìí sọ àmì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń dá ara wọn mọ̀ ní ìgboro: ẹni tó bá fi yẹtí kan ṣoṣo sétí, tó dá irùngbọ̀n sí, tó sì so owó ẹyọ kan mọ́ ẹ̀wọ̀n aago rẹ̀, ẹgbẹ́ wọn ni.

Owó ẹyọ! Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń da ẹ̀rìndínlógún, mo mọ̀ pé inú yín ti ń dùn. Ẹ dákẹ́ ná. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fi dá nǹkan. Àmì ìdánimọ̀ lásán ni. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ sì pè é ní owó ẹyọ Àǹgólà, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ní etí òkun tiwa níhìn-ín, láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, owó ẹyọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra èèyàn. Ìlú tí wọ́n kó àwọn èèyàn náà lọ, tí wúrà àti fàdákà kún inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá òmìnira ti yan ìkarahun ilẹ̀ Áfíríkà láti fi mọ ara wọn. Wọ́n lè yan àgbélébùú, wọ́n lè yan bọ́tìnnì. Ohun tí wọ́n yàn nìyẹn. Èyí nìkan tó kí ọmọ òrìṣà jókòó gbọ́ ìtàn wọn parí.

Àwọ̀ tí wọ́n yàn ńkọ́? Funfun, pupa àti búlúù ni. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti rí i, nítorí àsíá Faransé nígbà náà ló ń sọ fún gbogbo ayé pé èèyàn lè dìde sí ọba. Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọ̀ yẹn kò ti ojúbọ wá. Inú ìròyìn òmìnira ló ti wá.

Ìdìtẹ̀ náà kò dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àṣírí tú, wọ́n kó wọn. Lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá 1799, wọ́n yẹgi fún èèyàn mẹ́rin ní gbàgede Piedade, ní àárín Salvador. Ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ wọn, nítorí wọ́n fẹ́ kó parẹ́ ni. Luís Gonzaga das Virgens, ṣójà ni. Lucas Dantas, ṣójà ni. João de Deus do Nascimento, télọ̀ ni. Manuel Faustino dos Santos Lira, télọ̀ ni òun náà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ọdún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ni nígbà tí wọ́n pa á. Lẹ́yìn tí wọ́n pa wọ́n tán, wọ́n gé wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì gbé orí wọn kọ́ sí ìta gbangba kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó kù.

Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bràsíìlì ni wọ́n bí wọn sí, aláwọ̀ àdàpọ̀ sì ni wọ́n. N kò ní sọ wọ́n di ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Kétu kí ìtàn lè dùn. Ẹni tó kú nítorí kí ẹrú di ọmọ, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹbí mi kí n tó dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sùn fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù karùn-ún 1889, dókítà ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Deocleciano Ramos gbé àsíá kan wá síwájú ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tí kò fẹ́ ọba mọ́ ní Bàhíà. Wọ́n gbà á. Àwọ̀ àwọn télọ̀ ọdún 1798 ló wà lára rẹ̀. Kó tó di pé ọdún yẹn parí, lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá, wọ́n yọ ọba Bràsíìlì kúrò lórí oyè.

Onígun mẹ́ta funfun tó wà láàárín búlúù ńkọ́? Àlàyé méjì ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń rántí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ìpínlẹ̀ Minas Gerais, tí àsíá tiwọn ní irú àmì yìí, tí wọ́n sì yẹgi fún ọ̀kan nínú wọn, Tiradentes, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin 1792. Àwọn mìíràn ní àmì ẹgbẹ́ Freemason ni. Àlàyé méjèèjì kò jìnnà síra, nítorí àwọn ẹgbẹ́ awo òyìnbó yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ òmìnira nígbà náà. Èyí ó wù kí ẹ mú, kò sí èyí tó kan òrìṣà níbẹ̀.

Ẹni tó ya àsíá ló mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Ẹ wo tiwa níhìn-ín. Nígbà tí Taiwo Akinkunmi ya àsíá Nàìjíríà, ó fi oòrùn pupa sí àárín funfun. Àwọn tó ń yan àsíá ní kí wọ́n yọ oòrùn náà, wọ́n sì yọ ọ́. Bí ẹnì kan bá dìde lónìí tó ní àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ti Ọ̀sanyìn ni, ẹ̀rín la máa rín. Ohun tí a máa fi rín ẹni yẹn lẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ ká ṣe é fún àsíá ẹlòmíì.

Ẹ tún wá gbọ́ ohun tí ojú àsíá Bàhíà rí lẹ́yìn náà. Ní oṣù kọkànlá 1937, Getúlio Vargas gbàjọba, ó ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ní àsíá mọ́. Lọ́jọ́ 27 oṣù náà, ní Rio de Janeiro, wọ́n kó àsíá gbogbo ìpínlẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun wọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti Bàhíà jóná níbẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1946 ló gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ tún máa ní àsíá. Ní Bàhíà, ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1960 ni àṣẹ ìjọba wá fìdí bí àsíá náà ṣe gbọ́dọ̀ rí múlẹ̀. Wọ́n sun aṣọ, àwọ̀ kò jóná.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ̀yin ará ilé. Lábẹ́ àsíá òmìnira yìí kan náà, wọ́n ń da ilé òrìṣà láàmú. Ọlọ́pàá ń ya wọlé, wọ́n ń kó ìlù, wọ́n ń kó ohun èlò òrìṣà lọ. Kí ilé òrìṣà tó lu ìlù ọdún ní Bàhíà, ó ní láti lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ní ọ́fíìsì kan náà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ọbàtálá ń tọrọ àyè lọ́dọ̀ ẹni tó ń mú ọ̀ta! Oṣù kìíní 1976 ni gómìnà Roberto Santos tó fọwọ́ sí i pé ilé òrìṣà kò ní gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n fìdí àsíá múlẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òrìṣà ló ni àsíá yẹn lóòótọ́, ta ni ì bá ní kí òrìṣà lọ gba ìwé?

Ìdí tí mo fi ní ká má fi òrìṣà kún un nìyẹn. Bí a bá ní àsíá Bàhíà ti Ọbàtálá, ti Ṣàngó àti ti Yemọja ni, a ti bo ìyà tí àwọn ìyá wa jẹ níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò pé ọjọ́ tí wọ́n ti ta àsíá ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó tó jókòó dúró de ọlọ́pàá kó tó lè ṣọdún ìyàwó òrìṣà, òun ló jà fún àyè tí wọ́n ní lónìí. Kì í ṣe aṣọ ló jà fún un.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ojú awo máa ń tètè rí mẹ́rin. Ìlà mẹ́rin lára àsíá, èèyàn mẹ́rin lórí igi ìyẹgi, obì ojú mẹ́rin. Kódà, nígbà tí àwọn Nàgó tó jẹ́ mùsùlùmí, pẹ̀lú àwọn Haúsá àti àwọn mìíràn, dìde ní Salvador lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní 1835, nínú ìdìtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Malê láti inú ọ̀rọ̀ wa "ìmàle", èèyàn mẹ́rin náà ni wọ́n pa lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún. Ìbọn ni wọ́n yìn fún wọn, nítorí wọn kò rí ẹni tó máa gbà láti yẹgi fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ awo kékeré, mo mọ̀ pé àpapọ̀ yìí á wù yín láti sọ. Ẹ má sọ ọ́. Ìlà mẹ́rin yẹn kì í ṣe orúkọ wọn. Ifá kọ́ wa pé ohun tí a bá tẹ̀ sójú ọpọ́n ni ká pè. A kì í pe ohun tí a kò tẹ̀.

Ọmọ tó ní fóònù lọ́wọ́ lónìí á wádìí ọ̀rọ̀ wa kí obì tó gbó lẹ́nu. Bó bá rí i pé a parọ́ lórí àsíá, ṣé yóò tún gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá sọ fún un pé òótọ́ ni Ìyá Nàsó ti Ọ̀yọ́ wá? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi bú ẹ̀sìn wa pọ̀, ẹ má jẹ́ ká fi owó ra igi fún wọn láti fi nà wá.

Àbí àsíá ló wọ́n wa? Mọ̀rìwò ńkọ́? Ibi tí ẹ bá ti rí mọ̀rìwò tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà, kò dìgbà tí wọ́n bá kọ ìwé síbẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ní Bàhíà pàápàá, mọ̀rìwò ni wọ́n ń ta sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé òrìṣà, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Àlà ńkọ́? Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Salvador ń wọ funfun nítorí Òrìṣàńlá, kódà àwọn tí kò tíì tẹ ilé òrìṣà rí. Bí ẹ bá sì ń wá àsíá ẹ̀sìn gan-an níbẹ̀, ó wà. Ní ilé àwọn tó ń sin ẹ̀sìn ti Àǹgólà, ẹ máa rí ọ̀pá gíga kan tí aṣọ funfun ń fẹ́ lórí rẹ̀. Tempo ni wọ́n ń ta á fún. Àwọn tó ta á ló mọ ìdí tí wọ́n fi ta á. Ohun tó ń jẹ́ àsíá ẹ̀sìn nìyẹn.

Ní báyìí, ohun tí mo sọ fún ọmọ wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí, gbogbo ilé tó bá fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú ojúbọ, mọ̀rìwò àti àlà ló ni ín. Aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta tí ẹ ti rà, ẹ má dá a padà fún aláṣọ. Ẹ rán àsíá Bàhíà náà, kí ẹ gbé e kọ́ sí inú yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́rin yẹn sórí páálí lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lẹ owó ẹyọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá, kí àgbà kan nínú ilé sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ bá sì ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn tiwa tó kú sí òkè òkun, tí a kò mọ sàréè wọn, ẹ fi ti àwọn mẹ́rin náà kún un. Omi kì í kéré jù láti pín.

Ní oṣù kẹta 2011, ìjọba Bràsíìlì kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni orílẹ̀-èdè sí. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n gbé orí wọn kọ́ ìta kí ojú lè tì wọ́n. Àwọn tó dá wọn lẹ́jọ́ ńkọ́? Ta ló ń pe orúkọ wọn lónìí?

Tí ẹ bá ní ìbéèrè lórí èyí, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó jáde.